Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Tábìlì

Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí ẹ bá bi í pé kí ni káńsù ń ṣe fún òun, ó lè rò ó títí kó tó rí nǹkan sọ. Owó ọjà tí wọ́n ń gbà, ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, bóyá gọ́tà tí wọ́n là nígbà tí ìdìbò ń bọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Káńsù ló ń kó ìdọ̀tí wa, òun ló ni ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, òun ló ni láìbìrì, òun ló ni pápá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré àti ilé tí àwọn àgbàlagbà ti ń pàdé jẹun ọ̀sán. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń fi orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ibẹ̀ la ti ń ṣègbéyàwó kọ́ọ̀tù, ibẹ̀ náà la ti ń gba ìwé tí a ó fi sin òkú. Láti ìkómọjáde dé itẹ́, káńsù wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tó ń rò ó bẹ́ẹ̀ kó tó di oṣù kẹta ọdún 2020.

Ìrọ̀lẹ́ 23 oṣù yẹn ni Boris Johnson, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n tó ní kí kálukú jókòó sílé rẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ kónílé-ó-gbélé yẹn báyìí, ìgboro tó dá páropáro ni wọ́n máa ń rántí, àti àtẹ́wọ́ tí a ń pa fún àwọn nọ́ọ̀sì lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn padà ló ká èmi lára jù. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n tì mọ́ wa gan-an. Ilé ṣí, iná tàn, wọ́n gbá ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó máa ń jókòó sẹ́yìn tábìlì, tí èèyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́ fún, òun ni kò tètè padà. Níbi púpọ̀, kò tíì padà títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tuntun. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òbí ní ọjọ́ 42 láti lọ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ, kí wọ́n jókòó níwájú akọ̀wé, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, wọ́n dá èyí dúró, wọ́n ní kí àwọn akọ̀wé gbájú mọ́ ti òkú. Mo wà lórí fóònù níbi ìsọmọlórúkọ kan lóṣù kẹrin ọdún yẹn. Wọ́n to oyin, iyọ̀, orógbó, obì, ataare àti omi sórí tábìlì ìdáná, wọ́n fi fóònù méjì ti agolo mílíìkì. Ìyá-ìyá ọmọ wà lórí ọ̀kan láti Òṣogbo, àwa ará ìjọ wà lórí èkejì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, màmá ń pariwo orúkọ tí wọ́n fún ọmọ, a ń ṣàmín. Lójú tiwa, ọmọ ti lórúkọ. Lójú ìjọba, ọmọ ò tíì sí nínú ìwé.

Ìjọba ṣe dáadáa níbì kan: wọ́n gbà kí àwọn òbí béèrè owó ìrànwọ́ ọmọ láìtíì ní ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fún ọmọ ní páásípọ́ọ̀tù láìsí ìwé yẹn? Oṣù kẹfà ni ìforúkọsílẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, èrò sì ti tò láti oṣù kẹta. Nígbà tí yóò fi kan àwọn tọkọtaya yẹn, ọmọ ti ń gbórí dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó wọlé. Bàbá dúró síta, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ síwá sẹ́yìn, ó ń yọjú wo fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé akọ̀wé yẹn bi òun lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà kó tó kọ ọ́, nígbà tó sì kà á sókè láti mọ̀ bóyá ó tọ̀nà, ó pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. “Àǹtí, omi kàn bọ́ lójú mi ni.” Kò sí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Ti òkú ni wọn ò lè dá dúró. Òfin tí wọ́n ṣe kíákíá lóṣù kẹta 2020 gbà kí àwọn mọ̀lẹ́bí máa fi fóònù forúkọ òkú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é títí di oṣù kẹta ọdún 2022. Dókítà á fi ìwé ohun tó pa olóògbé ránṣẹ́ lórí íméèlì, akọ̀wé á bá ọmọ olóògbé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìwé ìsìnkú á gba orí íméèlì lọ bá àwọn tó ń tọ́jú òkú. Ikú sì pọ̀ láàárín àwa dúdú lákòókò yẹn. ONS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba, gbé e jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 pé tí wọ́n bá fi ọjọ́ orí wé ọjọ́ orí, iye ọkùnrin dúdú tí Kòrónà ń pa ní England àti Wales jẹ́ ìlọ́po 4.2 ti ọkùnrin funfun. Ti àwọn obìnrin jẹ́ ìlọ́po 4.3. A ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni ṣírò rẹ̀ fún wa. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó, ọlọ́dẹ, ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wa ń ṣe, kò sì séyìí téèyàn lè jókòó sílé ṣe níbẹ̀.

Ọkọ ìyá kan nínú ìjọ wa wà lára àwọn tó lọ lóṣù kẹrin yẹn. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n tó wá síbí, títí dòní, tí ẹ bá kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n á fi bírò pupa tún un ṣe. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Manchester ló bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òun ló ń pe orúkọ bàbá rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí akọ̀wé ń pè é padà, tí wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá jókòó sínú ilé tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀. Wọn ò fọwọ́ síwèé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jókòó. Ìwọ̀nba èèyàn ni wọ́n gbà síbi ìsìnkú, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni dì mọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n máa ń fún mọ̀lẹ́bí ní nọ́mbà kan tí wọ́n á fi sọ fún gbogbo ẹ̀ka ìjọba lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹnì kan ti kú. Nọ́mbà ti Màmá sọnù nínú ìdààmú. Bí lẹ́tà káńsù táàsì, owó tí káńsù ń gbà lórí ilé téèyàn ń gbé, ṣe tún dé ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e nìyẹn, orúkọ Bàbá ló wà lára àpò rẹ̀ gàdàgbà. Màmá tì í sábẹ́ Bíbélì. A ní kí wọ́n jẹ́ ká bá wọn pe káńsù. Wọ́n ní rárá o, àwọn á fi ẹnu ara àwọn sọ ọ́ lójú ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Ibo ni wọ́n fẹ́ ti rí i? Tábìlì ìbéèrè káńsù ṣì wà ní títì.

Láìbìrì ti ṣí ṣáájú ìgbà yẹn, ó sì tún ti tì. 4 oṣù keje ọdún 2020 ni ìjọba kọ́kọ́ gbà kí láìbìrì ṣí ní England, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ilé ọtí, ilé ìgẹrun àti pápá ìṣeré ọmọdé. Mo ṣì ń rí ọkùnrin káńsù tó ń fi ọ̀bẹ gé téèpù pupa àti funfun kúrò lára jáńgílọ́fà, tí àwọn ọmọ tò sẹ́yìn géètì tí wọ́n ń sọ fún un pé kó ṣe kíá. Ní láìbìrì, ọ̀rọ̀ gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí ẹ bá dá padà yóò wà nínú páálí fún wákàtí 72 kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó kàn án. Wọ́n ti kó àwọn àga kúrò. Ẹ ò lè rìn láàárín ìwé, ẹ ó sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, wọ́n á gbé e wá bá yín. Oṣù kọkànlá dé, gbogbo ìlú tún padà sílé. Oṣù kejìlá, ó dẹ̀ díẹ̀. Oṣù kìíní 2021, wọ́n tún tì í. 12 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni ìṣílẹ̀kùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa láìbìrì, ìwé ni wọ́n máa ń sọ. Ìwé dára, òfin ọdún 1964 sì sọ ọ́ di dandan kí káńsù ní láìbìrì. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó fẹ́ béèrè Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kó lọ. Ibo ni íntánẹ́ẹ̀tì náà wà bí kò ṣe láìbìrì? Tí ẹ bá wá sí gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ wo Peckham Library, ilé aláwọ̀ ewé tí òkè rẹ̀ yọ síwájú lórí òpó tín-ín-rín, tí Will Alsop àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yàwòrán, tó gba ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn iṣẹ́ yíyàwòrán ilé, lọ́dún 2000. Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tí wọ́n bí ní Èkó, ibẹ̀ ló ti ń bọ̀ níbi tó ti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ní 27 oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, tí wọ́n ṣe é léṣe lójú ọ̀nà ilé tó fi kú. Mi ò kì í kọjá níwájú ilé yẹn kí n má rántí rẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó wá síbẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ṣì ń wá síbẹ̀. Ọmọ tó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà tí ìyá wà níbi iṣẹ́ alẹ́ pẹ̀lú fóònù náà, ẹ sọ fún mi, níbo ni kó gbà?

Ohun kan wà tó ṣí lásìkò yẹn tí kò ṣí rí. Láti ọdún 1837, ìwé ìgbéyàwó tí wọ́n ń kọ ní England àti Wales, orúkọ bàbá ìyàwó àti bàbá ọkọ nìkan ló ní àyè fún. Àfi bíi pé ìyá ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ. 4 oṣù karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí wọn ò tíì gbà kí èèyàn ju 15 lọ wá síbi ìgbéyàwó, ni wọ́n yí i padà, tí orúkọ ìyá wọ inú ìwé. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọmọbìnrin àbúrò mi ṣègbéyàwó tirẹ̀ lóṣù kẹjọ. Nígbà tí akọ̀wé béèrè orúkọ ìyá, àbúrò mi tó jókòó lẹ́yìn dáhùn kí ìyàwó tó lanu. Ó tún fi orúkọ àbísọ rẹ̀ kún un. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì olófìíìsì ní ìlú yìí, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ fún mi pé ìlà kan nínú ìwé kò jẹ́ nǹkan kan.

19 oṣù keje ọdún yẹn ni ìjọba mú èyí tó pọ̀ jù nínú òfin Kòrónà kúrò. Káńsù wa lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé tábìlì ìbéèrè yóò máa ṣí fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, pé ohun tó kù, kí á lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ká pè wọ́n. Màmá pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́. “Àǹtí wọn,” (orúkọ ọmọ mi ni wọ́n máa ń fi pè mí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ ká ṣe nǹkan pàtàkì, Àǹtí ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí pè mí) “ọ̀la la ń lọ.”

Wọ́n wọ ìró àti bùbá dúdú, wọ́n wé gèlè. Àwọn lẹ́tà wà nínú báàgì wọn, wọ́n fi rọ́bà so wọ́n pọ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n dé ṣe tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n ti lẹ àmì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, a ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù ló wà lẹ́yìn gíláàsì onírọ́bà, ìbòmú bo ẹnu rẹ̀. Ó wo lẹ́tà, ó béèrè bóyá ẹni tó ni ín wà pẹ̀lú wa. Màmá ò gbọ́. Etí wọn ti ń di, ẹnu èèyàn ni wọ́n máa ń wò tí wọ́n fi ń mọ ohun tó ń sọ, ìbòmú sì ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ dáhùn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọmọbìnrin yẹn rí i. Ó fa bébà yọ, ó fi lẹ́tà ńláńlá kọ ìbéèrè rẹ̀ sí i, ó gbé e lé gíláàsì. Màmá kà á. Wọ́n gba bírò, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé olùkọ́ tí kò gbọ̀n rárá, pé ó ti kú, pé oṣù kẹrin ọdún tó kọjá ni, pé àwọn ni ìyàwó rẹ̀.

Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó dìde, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde wá, ó fa àga sí ìwọ̀n tí wọ́n ní kí wọ́n máa jìnnà síra, ó jókòó. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Màmá sọ ọ́ fún un láti orí ikọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ tí wọ́n gbé Bàbá wọ ọkọ̀ ilé ìwòsàn tí wọn ò sì jẹ́ kí àwọn bá a lọ. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí láti ẹnu wọn, èmi tí mo ń lọ kí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn wa dúró, kò sí ẹni tó kùn.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́. Wọ́n yọ orúkọ Bàbá, wọ́n fi ti Màmá sí i. Àgbàlagbà tó bá ń dá gbé inú ilé ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dínwó 25% nínú káńsù táàsì, kò sì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá láti ọjọ́ yẹn. Ọmọbìnrin náà ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn dé ọjọ́ tí Bàbá kú, ó ní àwọn á dá èyí tí wọ́n ti san lé padà fún wọn. Gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, mo padà lọ wò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Fọ́ọ̀mù ńbẹ, ó mọ́, kò le. Ó ní kí èèyàn kọ́kọ́ tẹ íméèlì rẹ̀. Màmá ò ní íméèlì.

Mo mọ̀ pé owó ò sí. Láti ọdún 2010 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó tó ń fún àwọn káńsù, tí wọ́n ń ti láìbìrì, tí wọ́n ń ta ilé. Nígbà tí àrùn dé, tí gbogbo wa gba fóònù àti kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀ torí pé kò sí ọ̀nà mìíràn, àwọn tó ń ṣírò owó rí i pé iṣẹ́ ń lọ láìsí ẹni tó jókòó. Iṣẹ́ ń lọ fún ta ni? Àwọn tí iṣẹ́ ò lọ fún kò pè, wọn ò kọ̀wé, wọn ò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà wọn wà lábẹ́ Bíbélì.

Ilé oúnjẹ ọ̀sán àwọn àgbà ló ṣí gbẹ̀yìn pátápátá. Nígbà tó wà ní títì, wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri ojúlé. Wọ́n á gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tẹ aago, wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á juwọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe é, inú òtútù ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà sínú gbọ̀ngàn tí wọ́n tò yí tábìlì ká, àwọn tó ń jẹun tán nínú ilé wọn jẹ́ díẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ fúnra wọn. Àga kan ṣófo níbí, àga kan lọ́hùn-ún. Àwọn kan ti kú, ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn kan. Bàbá kan tó fẹ́ràn ayò ọlọ́pọ́n kò rí ẹni ta pẹ̀lú rẹ̀, ó wá ń kọ́ obìnrin ará Jàmáíkà kan. Báyìí, obìnrin yẹn ló ń pa á.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, tí wọ́n bá ti palẹ̀ àwo mọ́, èmi àti ẹnì kejì mi á gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, àwọn àgbà á kó lẹ́tà wọn jáde. Lẹ́tà ilé ìwòsàn, ti iná, ti káńsù. Èyí tó pọ̀ jù, àlàyé ni wọ́n ń wá, a ń ṣe é. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù. A ò lè ṣí ìwé ẹnikẹ́ni wò, a ò lè yọ orúkọ òkú, a ò lè ṣírò owó sẹ́yìn fún opó. Ẹni tó lè ṣe é gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, Màmá jókòó, wọ́n kọ lẹ́tà sí káńsílọ̀ wa, kí tábìlì náà máa ṣí lójoojúmọ́ láti Ajé dé Ẹtì, kí wọ́n sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan máa wá sí ilé oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Gbogbo gbọ̀ngàn fọwọ́ sí i, títí kan obìnrin ará Jàmáíkà yẹn. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní láìbìrì.

Wọ́n ti fi ọjọ́ kan kún ti tẹ́lẹ̀, ó di mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ tí yóò máa wá lóṣooṣù, wọ́n ní àwọn ń gbé e yẹ̀ wò. Màmá ti ń kọ èkejì.